Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú kánópì: kí la lè máa ṣe fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú ìjọ?

Akọ̀wé Aláàánú

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ṣòfò ọkọ. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ọmọ mẹ́ta ló bí, àbíkẹ́yìn ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìsìn àìsùn ti kọjá, ìsìnkú ti kọjá, ìdúpẹ́ ti kọjá, ẹgbẹ́ ti fún un ní àpòòwé. Ohun tó kù nínú ìwé ètò wa ni “àbẹ̀wò”, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ ohun tí mo lè kọ sílẹ̀: ta ló ń ṣe kí ni, lọ́jọ́ wo, títí dìgbà wo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ká máa gbàdúrà fún un. À ń gbà á.

Ìyá Ìjọ

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, kẹ́ ẹ ka oṣù mẹ́tàlá. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò pọn dandan kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́: ará ilé, ará àdúgbò, ẹlẹgbẹ́ ọkọ, gbogbo wọn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ẹ tọ́jú agbára yín de ọ̀sẹ̀ kẹta, torí ọ̀sẹ̀ kẹta ni ilé máa ń dákẹ́.

Èèyàn méjì ni kẹ́ ẹ yàn, kì í ṣe ẹgbẹ́ lódindi, kó sì jẹ́ àwọn méjì kan náà ni yóò máa lọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ò lágbára àtimáa tún ìtàn ikú náà sọ fún ojú tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kan náà, àkókò kan náà, ẹ jẹ́ ká sọ pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó lè mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ láìjẹ́ pé òun pè é. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di oṣù kẹta, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù títí oṣù kẹtàlá á fi pé.

Kí ló dé tí mo fi ní mẹ́tàlá? Nítorí lẹ́yìn ìrántí ọdún kan, gbogbo èèyàn á ní ó ti parí. Oṣù tó tẹ̀ lé e máa ń le ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sínú fóònù, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa dún ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú: ọjọ́ ìbí olóògbé, ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án (owó ilé ìwé!), ọjọ́ àwọn bàbá nínú ìjọ, Kérésì, àìsùn ọdún tuntun. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tí owó oṣù ọkọ máa ń wọlé náà wà níbẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe máa ń bàjẹ́ rèé: ẹgbẹ́ á wọ aṣọ kan náà, èèyàn mẹ́rìnlá á bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, opó á wá rán ọmọ kó sáré ra omi àti mínírà wá. Àbẹ̀wò ti di ìnáwó nìyẹn. Ẹ gbé omi tiyín dání. Kẹ́ ẹ sì kó ìgò òfìfo lọ.

Alásè Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, torí ibẹ̀ la ti máa ń fi àánú ba nǹkan jẹ́ jù. Gbogbo ìjọ á gbé kúlà ìrẹsì dé lọ́jọ́ Sátidé kan náà. Kò síná, fíríjì ò ṣiṣẹ́, nígbà tó máa fi di ọ̀sán Àìkú ó ti kan. Tó bá wá di Ọjọ́rú, ẹ̀bà àti iyọ̀ ló kù nílé. Ẹnì kan ní í máa mú ìwé oúnjẹ lọ́wọ́, kó sì pín in: ilé kan ní ọjọ́ Ajé, ilé kan ní Ọjọ́rú, ilé kan ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun tó ń wọlé lẹ́nu ẹni tí ẹkún ti dí lọ́fun ni ẹ̀kọ mímu. Ẹ gbé ògì tútù lọ nínú ike, kẹ́ ẹ sọ fún ọmọ àgbà pé kó máa da omi orí rẹ̀ nù láràárọ̀ kó sì bu tuntun sí i, kò ní tètè bàjẹ́. Mọ́ínmọ́ín mẹ́wàá, kí ata rẹ̀ má pọ̀. Ìrẹsì dẹ́ríkà kan tó fún ìdílé ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọbẹ̀ ata: ẹ dín in títí omi rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá tí epo á léfòó. Irú èyí lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìsí fíríjì tí wọ́n bá ń gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kó hó dáadáa, kì í ṣe kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ pín in sí ike kéékèèké, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò ńlá tí wọ́n bá ń ṣí, tí wọ́n ń dé, tí wọ́n ń ti ṣíbí oríṣiríṣi bọ̀ ló ń tètè kan. Ewédú, ilá àti ẹ̀fọ́ ò ṣeé tọ́jú, ọjọ́ tí ẹ bá sè é ni kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ike tí ẹ ò ní béèrè mọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá sì jẹ́ kúlà gidi, ẹ fi téèpù lẹ orúkọ yín mọ́ ìdí rẹ̀. Kò yẹ kí opó máa wá ẹni tó ni ìdérí kiri.

Ohun méjì tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé: oúnjẹ ilé ìwé àwọn ọmọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì (búrẹ́dì, ẹyin, bisikíìtì, omi), àti gáàsì. Ẹni tó bá rọ gáàsì kún sílíńdà kílò 12.5 fún wọn ti ṣe ju ẹni tó gbé ìrẹsì kúlà mẹ́ta wá lọ.

Ẹ má bi í pé “kí lẹ fẹ́ jẹ?” Ó máa dáhùn pé òun ò fẹ́ nǹkan kan. “Ṣé ẹ̀kọ ni kí n gbé bọ̀ ni, àbí ìrẹsì?” ni kẹ́ ẹ bi í.

Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìsinmi

Mummy Alásè, ìwàásù lẹ ń ṣe yẹn. Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Èlíjà dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì dé. Kò bá a jiyàn, kò ka ẹsẹ Bíbélì kankan sí i létí. Ó ní kó dìde kó jẹun. Àkàrà lórí ẹyin iná àti ìkòkò omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, áńgẹ́lì ò sì bá a wí pé ó sùn. Ó tún jí i, ó tún bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn ogójì ọjọ́ ni Ọlọ́run tó wá bá a sọ̀rọ̀ lórí òkè.

Akọ̀wé, tí wọ́n bá bi yín ní ìpàdé pé kí ni oore-ọ̀fẹ́ nínú gbogbo ètò oúnjẹ àti gáàsì yìí, ẹ mú wọn lọ sí Ẹ́kísódù 16. Mánà tí Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì jẹ nínú aginjù: òmérì kan, ìyẹn òṣùwọ̀n kan, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti ọjọ́ kan. Ẹni tó tọ́jú ti ọ̀la, mánà rẹ̀ yọ ìdin, ó sì rùn. Oore-ọ̀fẹ́ tí ọlọ́fọ̀ ń rí gbà lónìí, ti òní ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa ká máa bi opó ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta pé “báwo lẹ ṣe fẹ́ tọ́ àwọn ọmọ yìí títí dé yunifásítì?” Òmérì ti ọdún kẹwàá lẹ ní kó kó jọ láàárọ̀ yìí. Ìwé Ẹkún Jeremáyà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: “Ọ̀tun ni ní òròòwúrọ̀.” Àárín ìlú tó ti wó ni wọ́n ti kọ ọ́, kì í ṣe ibi ayẹyẹ.

Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀gún inú ara rẹ̀ kúrò. Kò kúrò. “Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ” ló gbọ́. Nítorí náà ẹ má fi oore-ọ̀fẹ́ hàn án bí ẹni pé òun ni kò ní jẹ́ kó dun èèyàn.

Bàbá Díákónì

Olùkọ́, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Tẹsalóníkà Kìíní 4:13 sọ fún wa ká má banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Tí a bá ń gbé ẹkún gẹ̀gẹ̀ fún oṣù mẹ́tàlá, ìgbàgbọ́ dà? Ẹni tí ẹ kò bá tètè fà jáde, inú ilé ló máa wà, á ti gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìsinmi

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká ka ẹsẹ náà tán: “gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyókù tí kò ní ìrètí.” Irú ìbànújẹ́ kan ló ní ká má ṣe, kò ní ká má banújẹ́ rárá. Nígbà tí wọ́n pa Stéfánù, àwọn olùfọkànsìn ló gbé e lọ sin, wọ́n sì pohùn réré ẹkún lé e lórí. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 8:2. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kéré.

Ẹ tún wo Jòhánù 11. Màtá jáde pàdé Jésù, ó ní ká ní o wà níhìn-ín ni, arákùnrin mi kì bá tí kú. Màríà dé lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ló sọ, ẹsẹ 21 àti 32. Màtá gba ẹ̀kọ́: “Èmi ni àjíǹde àti ìyè.” Màríà gba omijé. Gbólóhùn kan náà, ìdáhùn méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni Jésù mọ̀ pé òun fẹ́ jí òkú náà dìde kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣàbẹ̀wò ni láti mọ̀ bóyá Màtá ló jókòó níwájú òun lónìí tàbí Màríà. Tó bá béèrè ìbéèrè tó sì dúró de èsì, Màtá nìyẹn. Tó bá béèrè tó sì fi ìdí iró nu ojú, ẹ pa ẹnu mọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu: “Ẹ kú ará fẹ́ra kù” ti tó. Ẹ dúró síbẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀:

“Ẹ má sunkún mọ́.” Ara ìwọ tí o ń sọ ọ́ ni ò gbà á.

“Olúwa fi fún ni, Olúwa sì gbà lọ.” Jóòbù ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, nípa àdánù ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje àti òru méje láìsọ̀rọ̀, ohun tó dáa jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ṣẹ̀.

“Ẹ ṣọkàn akin nítorí àwọn ọmọ.” Ó ń gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí pé òun ò gbọdọ̀ sunkún níbì kankan nínú ilé òun.

“Ẹni tó ṣe é, kò ní lọ láìjìyà.” Ó bani nínú jẹ́ pé mo ní láti kọ èyí. Tí ẹ bá gbin ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá ilé sínú ọkàn opó, ẹ ti fi ìbẹ̀rù kún ọ̀fọ̀, ẹ sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ẹbí ọkọ tó máa nílò láti bá tọ́mọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe dípò: ẹ pe orúkọ olóògbé. “Bàbá Tóbi fẹ́ràn orin yẹn o.” Ẹ̀rù máa ń bà wá pé a máa rán an létí, bí ẹni pé ó ti gbàgbé.

Aṣáájú Akọrin

Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn Bàbá Díákónì lórí ṣọ́ọ̀ṣì, torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wíwá sí ìsìn ṣe pàtàkì. Àmọ́ ẹ ṣe é kó ṣeé wá. Ẹ mú àyè sílẹ̀ fún un ní ìpẹ̀kun ìjókòó, nítòsí ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú arábìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè bá a jáde láìsí ariwo. Ẹ má pè é síta fún àdúrà àkànṣe. Kí olùdarí ìsìn má wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ pé “ẹ rẹ́rìn-ín sí ẹnìkejì yín”.

Orin ló máa ń já ìsun omijé. Tí a bá kọ orin kan níbi ìsìnkú, ẹ jẹ́ kó sinmi fún bí oṣù mẹ́ta, tàbí kẹ́ ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lálẹ́ Sátidé pé orin náà wà nínú ètò ọ̀la.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn pásítọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. “Gbogbo ẹni tí Ọlọ́run ò jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀ lọ́dún yìí, ẹ pariwo Halelúyà!” Gbogbo ilé á dìde. Ẹ wo àwọn tó jókòó. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n pariwo ni, àbí kí gbogbo èèyàn rí i pé wọn ò dìde? Ó rọrùn láti yí i padà: “Gbogbo ẹni tí Ọlọ́run mú dé òní, ẹ fìyìn fún un.” Ọlọ́fọ̀ náà lè dìde sí ìyẹn.

Bàbá Díákónì

Ti àìsùn ọdún yẹn, mo gbà fún yín. N ó gbé e dé ìgbìmọ̀. Ti oṣù mẹ́tàlá ṣì ń kọ mí lóminú.

Ọmọ Amòfin

Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé.

Ìwé tí dókítà kọ nílé ìwòsàn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ikú tí báńkì ń béèrè. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ ikú sílẹ̀ tí wọ́n ń fúnni ní ojúlówó. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́wàá, kẹ́ ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó mú lọ sílé.

Ẹ má fi káàdì ATM olóògbé gbowó, ì báà jẹ́ pé ẹ mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ì báà jẹ́ owó ìsìnkú. Lábẹ́ òfin, owó náà ti di ti ohun ìní olóògbé, ẹbí lè fi ẹ̀sùn kan opó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Tí kò bá sí ìwé ìhágún, ìwé àṣẹ ìbójútó ohun ìní láti ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ló ń ṣí àpò owó náà. Wọn a máa béèrè fún ìwé ẹ̀rí ikú, àkọsílẹ̀ ohun ìní, àti àwọn oníduró. Ó máa ń pẹ́, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣètò owó ilé ìwé sáà kan láti ibòmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni àpòòwé ẹgbẹ́ ti wúlò, dípò kó parí sórí aṣọ ẹbí.

Orúkọ tí olóògbé kọ sí ibi “mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọ jù” ní báńkì kò sọ ẹni náà di ajogún. Ẹni tí wọ́n máa kàn sí lásán ni. Ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí ló wá látorí àìmọ èyí.

Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ béèrè nípa owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o, àti owó àjẹmọ́nú ìbánigbófò tí agbanisíṣẹ́ san. Ẹ̀dá Ọlọ́run tó bá jókòó pẹ̀lú opó, tó kó gbogbo bébà inú dúrọ́ọ̀ jáde sórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì pín wọn sí òkìtì mẹ́rin (báńkì, iṣẹ́, ilẹ̀, gbèsè) ti ṣàbẹ̀wò.

Fóònù: ẹ má jẹ́ kí síìmù olóògbé kú. Kóòdù báńkì ń gba orí rẹ̀ wọlé. Tí wọn ò bá lò ó fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ fóònù lè yọ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ ra káàdì kékeré sí i, kẹ́ ẹ fi pe ẹnì kan lóṣooṣù. WhatsApp pẹ̀lú: tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí i fún 120 ọjọ́, wọ́n lè pa á rẹ́. Kó tó di ìgbà náà, kí ọmọ kan tó mọ fóònù lò gbé àwọn ohùn tí olóògbé fi ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn. Ohùn bàbá tó ń sọ pé “ẹ ti ilẹ̀kùn o, mò ń bọ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án”, ìṣẹ́jú àáyá méje péré, lè wá di ohun tí ọmọ kan ò ní fi ilẹ̀ kan pààrọ̀.

Ní ti àwọn ẹbí tó fẹ́ fá irun opó, tàbí tí wọ́n fẹ́ lé e kúrò nílé: òfin àpapọ̀ ọdún 2015 lórí ìwà ipá sí èèyàn ka àṣà opó tó ń pani lára sí ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe tiwọn. Kí àgbà ìjọ méjì lọ bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣáájú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn máa ń tó. Aṣọ dúdú? Tó bá wù ú, kó wọ̀ ọ́, tí kò bá wù ú, kó bọ́ ọ. Bíbélì ò ka oṣù sí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ ti sọ púpọ̀, díẹ̀ ni tèmi. Tí opó bá ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, ẹ wo páálí òògùn náà lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé. Ka èyí tó kù. Láàárín wàhálà ìsìnkú, ó lè ti fo ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan. Ààwẹ̀ kọ́ ló kàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọlọ́fọ̀ sí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta.

Kó máa gbọ́ ohùn olóògbé, kó máa rò pé òun rí i lẹ́nu ọ̀nà, kó gbàgbé ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí, kó máa bínú sí Ọlọ́run: gbogbo èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fọ̀. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà ni: àìsùn rárá tó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àìjẹun tí aṣọ fi ń já bọ́ lára, ọtí tàbí òògùn oorun tó ń pọ̀ sí i, àti ẹni tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ tàbí àwọn ọmọ mọ́. Tó bá sọ pé òun fẹ́ tẹ̀ lé e lọ, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà ò ní gbìn ín sí i lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kó òògùn kòkòrò àti òògùn tó pọ̀ kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Àró ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, UCH ní Ìbàdàn, wọ́n ní dókítà fún èyí. Pásítọ̀ lè bá wọn lọ. Lúùkù náà, oníṣègùn ni Pọ́ọ̀lù pè é.

Àlejò Tuntun

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló kú ńkọ́? Tàbí oyún tó ti tó bí? Níbi tiwa, ńṣe ni wọ́n máa ń sin ín kíá, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní mẹ́nu kàn án mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kọ́kọ́ rántí ara ìyá. Wàrà máa ń dé lọ́jọ́ kejì sí ìkẹrin bí kò tilẹ̀ sí ọmọ, ọ̀pọ̀ ìyá ò sì mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹ sọ fún un ṣáájú. Kó wọ kọ́mú tó gbá a mú, àmọ́ kó má fún un pinpin. Kó fi aṣọ tútù lé ọmú fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, nígbà mélòó kan lójúmọ́. Parasitamọ́ọ̀ lè dín ìrora kù. Tó bá le gan-an, kó fún díẹ̀ jáde kó lè rọ̀, kó má fún un tán, torí bó bá ń tán ni òmíràn máa ń kún. Bí ibì kan bá pọ́n tó sì gbóná, tí ibà sì dé, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá Ìjọ

Àlejò Tuntun, ẹ bi ìyá náà bóyá ó ti sọ ọmọ lórúkọ. Tó bá ti sọ ọ́, orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ máa pè nínú àdúrà. Ẹ má sọ pé “Ọlọ́run á fi òmíràn dípò”. Ọmọ kì í dípò ọmọ. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ àbíkú kàn án, kódà bí ẹ̀fẹ̀. Jeremáyà 31 ní Rákélì ń sunkún nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, kò gbà kí wọ́n tu òun nínú. Ọlọ́run dá a lóhùn nínú ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, kò bá a wí.

Ẹ rántí bàbá náà. Gbogbo èèyàn ló ń bi í pé “ìyàwó ńkọ́?” Kò sẹ́ni tó ń bi í pé òun fúnra rẹ̀ ńkọ́.

Ará London

Fún àwa tí a wà lókè òkun: ní ìlú Ọba, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá kú, tàbí tí a bí ọmọ lókùú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, òfin fún òbí tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì láti oṣù Kẹrin ọdún 2020. Ẹ sọ fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tí òbí rẹ̀ kú nílé tí kò sì lè wálé, ẹ má fi í sílẹ̀ kó wo ìsìnkú náà lórí fóònù lóun nìkan nínú yàrá. Kí ẹni méjì lọ bá a jókòó, kí wọ́n gbé fóònù mìíràn tí dátà wà lórí rẹ̀ dání, nítorí nẹ́tíwọ̀kì máa ń já nígbà tí wọ́n bá ń sọ pósí kalẹ̀.

Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìsinmi

Mo gbàgbé nǹkan kan. Tó bá fẹ́ gbàdúrà tí ọ̀rọ̀ ò sì wá, ẹ lo Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Ẹsẹ 1 àti 2 jẹ́ ẹ̀sùn, “yóò ti pẹ́ tó” lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹsẹ 3 àti 4 jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ 5 àti 6 ni “ṣùgbọ́n” wà. Kó mú bébà, kó kọ tirẹ̀ ní apá mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Tí kò bá lè dé ibi “ṣùgbọ́n”, kó dúró síbi ẹ̀bẹ̀. Sáàmù 88 ò dé ibẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Ẹ má bá a kọ apá kẹta.

Akọ̀wé Aláàánú

Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ìbéèrè tó kù kéré: báwo ni n ó ṣe kọ àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́? Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dà bí lẹ́tà ìgbìmọ̀.

Ìyá Ìjọ

Ẹ yọ “a fẹ́ fi àsìkò yìí” kúrò. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi àti Ìyá Sẹ́gun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́rin. A máa gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dání. Ẹ má gbálẹ̀, ẹ má ra nǹkan kan. Tí ẹ bá ń sùn, a ó gbé e fún Tóbi lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì padà. Ẹ ò nílò láti dáhùn.”

Kẹ́ ẹ sì dé ní agogo mẹ́rin.